Nígbà tí Omi Bá Fà: Ìtàn Òpin Ìkún Omi ní Ọ̀sà Nokoué

Àwọn àgbà ní omi là ń tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn. Ní Ganvié, lórí ọ̀sà Nokoué, ènìyàn lè wà lórí omi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan iyanrìn rárá. Orí òpó igi ni ilé wà, inú ọkọ̀ ni ọjà wà, ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ sí ilé-ìwé kò sì yàtọ̀ sí ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ ń gbà lọ dẹ àwọ̀n. Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó ń ti Kútọnu wá wo ìlú náà ń ya fọ́tò ilé orí omi, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú èrò pé bí ibẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n dé ni ó ṣe ń rí jálẹ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Omi ọ̀sà náà ń kún, ó sì ń fà. Ó ń dùn, ó sì ń níyọ̀. Àárín ìkún àti ìfà yìí, láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kejìlá, ni ìgbé ayé àwọn ará orí omi rọ̀ mọ́.

Ìtàn àkókò yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Omi tí ó ń kún ọ̀sà Nokoué ń gba ilẹ̀ Sábẹ̀ẹ́ kọjá kó tó dé ibẹ̀. Ìjọba tí ogun rẹ̀ lé àwọn ènìyàn bọ́ sórí omi ni ìjọba tí ó fọ́ Kétu. Ọ̀sà tí Àjàṣẹ́ jókòó tì, òun àti Nokoué jọ ń mu omi kan náà ni. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ìlú tó bá gbàgbé odò tó ń ṣàn kọjá lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ọjà rẹ̀ fi ń kún lóṣù kan tí ó sì ń tú lóṣù kejì.

Ibi tí omi ti ń wá

Ọ̀sà Nokoué wà láàárín Kútọnu ní gúúsù àti ilẹ̀ àbàtà odò Sô àti odò Wẹ́mẹ̀ (Ouémé) ní àríwá. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 150 níbùú lóròó, ṣùgbọ́n kò jìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀, tí ọ̀pá náà ń kan ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ní ìlà-oòrùn, ọ̀nà omi Totchè so ó pọ̀ mọ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́, ọ̀sà Àjàṣẹ́ náà sì na ọwọ́ lọ sí Àgbádárìgì àti Èkó. Ọ̀nà yìí ni àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbà lọ sí Èkó kí títì ọlọ́dà tó wà. Epo pupa, aṣọ, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ gba orí omi yìí lọ, wọ́n sì gba orí rẹ̀ bọ̀.

Wẹ́mẹ̀ ni odò tí ó gùn jù lọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 510. Apá àríwá ni ó ti ṣẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ gba ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Sábẹ̀ẹ́, odò Ọ̀kpárá tí ó jẹ́ ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ní apá kan á sì wá dà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ń wọ ilẹ̀ títẹ́jú ìsàlẹ̀, ó pín sí ọ̀nà púpọ̀, ó sì tú sínú ọ̀sà méjèèjì.

Òjò gúúsù àti òjò àríwá kì í bọ́ sí ìgbà kan náà. Ní gúúsù, ìgbà òjò pín sí méjì: òjò àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí di oṣù keje, òjò dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá. Ní àríwá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìgbà òjò ń wáyé lọ́dún, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni ó sì ń le jù. Omi òjò náà kì í fò wá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó fi ń rìn kó tó dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni omi fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní Ganvié nígbà tí oòrùn ń ràn ní Kútọnu, tí ẹnikẹ́ni kò rí ìkùukùu kankan. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní idán ni. Ẹni tí ó mọ̀ yóò ní àwọn ará òkè ti rí òjò.

Ìkún náà ń dé ògógóró rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án àti nínú oṣù kẹwàá. Omi á pupa, á ru ilẹ̀ àti igi òkè wá. Nígbà náà ni ààlà láàárín odò àti oko á pa rẹ́, ọ̀sà á sì di ọ̀kan náà pẹ̀lú àbàtà. Lẹ́yìn náà ni òjò á dá, ọyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti àríwá, òwúrọ̀ á tutù, èéfín ọyẹ́ á bo ojú omi. Díẹ̀díẹ̀ ni omi á máa fà, tí àmì ibi tí ó ga dé á sì máa hàn lára òpó ilé bí ìlà tí wọ́n fi yẹ̀rẹ̀pẹ̀ fà. Ìlà yẹn ni ìwé ọdún fún àwọn ará orí omi.

Nígbà tí ilẹ̀ gbígbẹ túmọ̀ sí ogun

Lónìí, inú ènìyàn ń dùn nígbà tí omi bá fà. Láyé ijọ́un, ẹ̀rù ló ń bá a wá.

Àwọn Tofinu ni ó tẹ Ganvié dó, àwọn ìtàn àtẹnudẹ́nu sì sábà máa ń fi ìtẹ̀dó náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ọdún 1717 ni wọ́n ń dá jù. Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ orúkọ ìlú náà sí "a ti yè bọ́". Àkókò yẹn ni ìjọba Dàhòmì ń gbilẹ̀ lábẹ́ Ọba Agaja. Ó gba Allada ní 1724, ó gba Ouidah ní 1727, ọwọ́ rẹ̀ sì tó etí òkun níbi tí àwọn òyìnbó ti ń ra ẹrú. Ẹni tí ó bá wà lójú ọ̀nà ogun náà ní láti wá ibi sá sí.

Ìtàn àwọn ará Ganvié sọ pé ọba tí ó kó wọn dé ibẹ̀ di àwòdì láti fi wá ibùdó, ó sì di ọ̀nì láti fi gbé wọn kọjá omi. Ìtàn náà tún sọ pé èèwọ̀ ni fún àwọn ọmọ ogun Dàhòmì láti bá ènìyàn jà lórí omi. Bí èèwọ̀ bá wà tàbí kò sí, òye ogun fúnra rẹ̀ tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ogun Dàhòmì fi ń rìn. Ogun tí ó ń rìn lórí ilẹ̀ kò lè dédé wọ ibi tí àbàtà yí ká, tí kò sí ibi tí ènìyàn ń tẹ̀, tí ẹni tí ó ń sá sì mọ ọ̀nà omi ju ẹni tí ó ń lé e lọ.

Ohun tí ìtàn kì í sábà tẹnu mọ́ ni ìgbà tí ogun náà ń jáde. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Dàhòmì ń jagun. Nígbà tí òjò bá dá, tí wọ́n ti kórè, tí odò fà, tí ọ̀nà gbẹ, ni ogun ń kúrò ní Àgbómẹ̀. Ìyẹn ni pé oṣù tí omi ń fà ní Nokoué ni oṣù tí ewu ń dìde lórí ilẹ̀. Ìkún omi ni odi. Ìfà omi ni ìgbà tí odi ń rẹlẹ̀.

Àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ mọ kàlẹ́ńdà yìí dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi gbé ayé. Kétu kò ní ọ̀sà. Odi àti yàrà ni ó gbẹ́ yí ara rẹ̀ ká, ó sì ṣe ẹnubodè tí òkìkí rẹ̀ kàn títí dòní, Àkàbà Ìdènà. Ohun tí omi jẹ́ fún Ganvié ni Àkàbà Ìdènà jẹ́ fún Kétu. Ṣùgbọ́n odi kò lè ṣe ohun tí omi ń ṣe. Ní 1886, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Dàhòmì. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ lọ sí oko ẹrú. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tí ó ṣẹ́kù tó padà wá tún ìlú wọn ṣe. Sábẹ̀ẹ́ náà jẹ ìyà ogun náà lọ́pọ̀ ìgbà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Kétu bá dé Ganvié tí ó rí ilé orí òpó, kò yẹ kó wò ó bí ohun àrà. Ìdáhùn mìíràn ni sí ìbéèrè kan náà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi odi àti yàrà dáhùn.

Ohun tí wọ́n kọ́ lára omi

Àwọn tí ó sá wá sórí omi kò lè máa jẹ ààbò. Wọ́n ní láti wá oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìfà omi tí ó ń dẹ́rù bà wọ́n náà ni ó ń bọ́ wọn.

Nígbà tí omi bá kún, ẹja á tàn ká inú àbàtà àti oko tí omi bò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, ibẹ̀ ni ọmọ wọn ń dàgbà sí. Nígbà náà, ẹja ṣòro pa, nítorí pé ibi tí ó lè sá sí pọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń fà, ẹja náà ní láti padà sínú odò àti ọ̀sà. Ẹni tí ó bá ti múra sílẹ̀ de ìpadà wọn kò ní pebi. Ọgbọ́n méjì ni àwọn ará ibẹ̀ dá sí i.

Èkíní ni whedo, ihò gígùn tí àwọn ará àfonífojì Wẹ́mẹ̀ ń gbẹ́ sí ilẹ̀ tí omi máa ń bò. Nígbà tí omi bá wà lórí ilẹ̀, ẹja á wọ inú rẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, ihò náà á kù pẹ̀lú omi àti ẹja nínú rẹ̀, pàápàá àrọ̀, tí ó lè gbé inú omi tí kò mọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, nígbà tí ẹja bá wọ́n lọ́jà, ni ẹbí tí ó ni whedo á wá kó tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ni ihò wọ̀nyí, a sì máa jogún wọn bí ẹni jogún oko.

Èkejì ni acadja, tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n á gé ẹ̀ka igi púpọ̀, wọ́n á gún un mọ́ ẹrọ̀fọ̀ ọ̀sà ní ìtòsí ara wọn títí yóò fi dà bí igbó kékeré lábẹ́ omi. Ewéko tín-ín-tìn-ìn á hù sára igi náà, ẹja á máa jẹ ẹ́. Ẹja ńlá kò ní rí ọ̀nà wọlé lé e. Ẹpìyà á yé ẹyin sínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi yọ, wọ́n á sì kó ẹja. Onímọ̀ nípa ẹja kan, Robin Welcomme, kọ̀wé lórí acadja ilẹ̀ Dàhòmì ní 1972, láti ìgbà náà sì ni àwọn onímọ̀ níbòmíràn ti ń tọ́ka sí i bí ọ̀nà ìsìn ẹja tí àwọn apẹja fúnra wọn dá sílẹ̀.

Ilẹ̀ náà kì í gbẹ lásán. Níbi tí omi ti kúrò, ó fi yẹ̀rẹ̀pẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀, àwọn ará Aguégués àti àwọn ìletò Wẹ́mẹ̀ á sì gbin àgbàdo, ẹ̀wà, ata àti ẹ̀fọ́ lé e lórí láìfi ajílẹ̀ kankan sí i. Ẹ̀fọ́ tí àwọn ará Àjàṣẹ́ ń rà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òjò Borgou ló bomi rin ín.

Àwọn obìnrin ni ó ń so gbogbo èyí pọ̀. Ọkọ pa ẹja, ìyàwó ra á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yan án, ó sì gbé e lọ sí ọjà. Láti Ganvié, ọ̀nà omi lọ tààrà sí Dantokpa ní Kútọnu. Láti Aguégués, ó lọ sí Àjàṣẹ́. Nígbà tí omi bá ga, ọkọ̀ ń gba orí àbàtà kọjá. Nígbà tí omi bá fà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ojú odò, ìrìn á sì gùn sí i. Bí owó ẹja ṣe ń lọ sókè sódò ní Àjàṣẹ́ kò ṣẹ̀yìn ìyẹn náà.

Ọdún tí òkun wọlé

Ní 1885, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yí ìwà ọ̀sà padà. Títí di ìgbà náà, ilẹ̀ iyanrìn ni ó dènà láàárín Nokoué àti òkun ní Kútọnu. Nígbà tí omi bá kún, kò rí ibi tú jáde sí nítòsí, ó sì ń bo ilẹ̀ Kútọnu. Àwọn Faransé tí ó wà níbẹ̀ la iyanrìn náà kí omi lè rí ọ̀nà jáde, kí ó má baà bo ilé wọn. Omi náà jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí omi ń gbà jáde, òun náà ni òkun ń gbà wọlé. Ọ̀nà omi náà, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 4.5, ni ó pín Kútọnu sí méjì títí dòní.

Láti ìgbà náà ni ọ̀sà Nokoué ti ní ayé méjì nínú ọdún kan. Ní àkókò ìkún, omi odò ń ti òkun sẹ́yìn, ọ̀sà á sì dùn. Bí omi bá ti fà, ìgbì òkun á wọlé, iyọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti apá Kútọnu. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta àti ìkẹrin, omi ibẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ níyọ̀ bíi ti òkun. Òpin ìkún omi wá di ààlà láàárín omi dídùn àti omi oníyọ̀.

Ìyípadà yìí mú ire wá, ó sì mú ibi wá. Edé àti akàn òkun wọ inú ọ̀sà, wọ́n di ọjà tuntun. Ṣùgbọ́n ẹja tí kò gba iyọ̀ ní láti sá lọ sókè, kòkòrò tí ó ń gbé inú omi oníyọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi acadja àti òpó ilé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, koríko olódòdó àlùkò tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau tún dé. Nígbà ìkún, ó ń bo ojú omi, ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń ya àwọ̀n. Iyọ̀ ni ó ń pa á. Ohun tí apẹja kan ń ṣépè fún ní oṣù kẹta, òun náà ló ń bá a gbá ojúde rẹ̀ mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará orí omi kí wọ́n tó la ọ̀nà náà. Nítorí ààbò ilé àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe là á. Síbẹ̀ àwọn ará orí omi ni ó ní láti tún gbogbo iṣẹ́ wọn kọ́: ìgbà wo ni ẹja wo ń wá, igi wo ló ń pẹ́, omi ibo ló ṣeé mu. Wọ́n sì kọ́ ọ.

Ewé tí ń wọ́, omi tí ń kún

Kàlẹ́ńdà kẹta tí ó dé bá wọn ni ti ilé-ìwé àti ti ọ́fíìsì. Ní ìlànà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jogún lọ́wọ́ Faransé, ìsinmi gígùn ń bọ́ sí àárín ọdún, àwọn ọmọ sì ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ní Faransé, ìgbà yẹn ni ooru ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ewé igi ń pọ́n tí ó sì ń wọ́, tí àwọn ọmọ ń padà sínú kíláàsì nítorí pé iṣẹ́ oko ti parí. Ìran àwọn ọmọ púpọ̀ ní Àjàṣẹ́, Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Ganvié ni ó kà nípa ìgbà ìwọ́wé yìí nínú ìwé Faransé, tí wọ́n kọ́ ọ sórí, láìrí ewé kan tí ó wọ́ nítorí òtútù rí.

Lórí ọ̀sà, ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé ń ṣí ni omi ń ga jù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nígbà tí ewu àti gun ọkọ̀ pọ̀ jù, tí ilẹ̀ kíláàsì níbòmíràn wà lábẹ́ omi, tí àwọn òbí kò sì tíì rí owó nítorí pé ẹja kò tíì padà wọ ọ̀sà. Ìwé, aṣọ ilé-ìwé àti owó gbogbo ń bọ́ sí oṣù tí ọwọ́ ṣófo. Nígbà tí omi bá fà tán, tí owó dé, tí iṣẹ́ pọ̀, ni wọ́n tún ń fa ọmọ kúrò ní kíláàsì láti wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ níbi ẹja yíyan. Ẹni tí ó bá wo ìwé orúkọ ilé-ìwé nìkan lè sọ pé àwọn ará orí omi kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá wo ìlà omi lára òpó yóò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọdún 2010 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ará orí omi nìkan mọ́. Ìkún omi ọdún náà kan kọmúùnù 55 nínú 77 tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé orí ilẹ̀, tí wọ́n rò pé ìkún omi jẹ́ ọ̀rọ̀ Ganvié, rí omi nínú yàrá wọn. Àwọn tí ilé wọn ga lórí òpó náà kò sì bọ́, nítorí pé omi náà kọjá ìlà tí àwọn baba wọn mọ̀.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Ayé ti mọ iyì ibẹ̀. Láti 1996 ni Ganvié ti wà nínú ìwé tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi ránṣẹ́ sí UNESCO, pé ó yẹ láti wo ìlú náà bóyá yóò wọ inú ogún àjogúnbá àgbáyé. Ní 2000, wọ́n fi ìsàlẹ̀ àfonífojì Wẹ́mẹ̀, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ọ̀sà Nokoué sínú àwọn ilẹ̀ olómi tí àdéhùn Ramsar ń dáàbò bò. Àtúnṣe Ganvié sì wà lára àwọn iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ tí ìjọba kéde ní 2016. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí a máa tọ́jú ilé fún ẹni tí ó wá wò ó àti kí a máa tọ́jú ìgbé ayé ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ acadja fi èyí hàn. Igi tí wọ́n ń gún pọ̀ débi pé igbó etí omi ń tán, ọ̀sà ń kún fún ẹrọ̀fọ̀, ọ̀nà ọkọ̀ sì ń dí. Ìjà ti wà láàárín àwọn tí ó ni acadja àti àwọn tí ó ń ju àwọ̀n, nítorí pé ẹni tí ó bá gún igi mọ́ omi ti sọ omi gbogbo ayé di tirẹ̀. Ẹjọ́ gidi ni àwọn tí ó ń jùwọ̀n ń rò. Ẹjọ́ gidi náà sì ni ti ẹni tí ó ti ná owó ọdún kan sínú igi tí ìjọba fẹ́ fà tu. Bí a bá ní kí wọ́n tú acadja ká, ìbéèrè tí ó yẹ kó ṣáájú ni ìgbà tí wọ́n yóò tú u. Àṣẹ tí ó bá jáde kí wọ́n tó kó ẹja gba èrè ọdún kan lọ́wọ́ ẹbí náà. Àṣẹ kan náà, bí ó bá dúró di ẹ̀yìn ìkórè, ìrora rẹ̀ á kéré púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ó wà lọ́wọ́ mẹ́rì àti àwọn ìgbìmọ̀ kọmúùnù, tí ará ìlú ti ń dìbò yàn láti ìgbà ìdìbò kọmúùnù ti 2002 sí 2003. Omi mímu àti ìdènà àìsàn onígbáméjì yẹ kó ti délẹ̀ kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Owó ilé-ìwé lè dúró de ẹja. Wọ́n ń wọn gíga omi Wẹ́mẹ̀ ní Bétérou, ní afárá Sábẹ̀ẹ́ àti ní Bonou. Ìròyìn tí ó bá tètè kúrò ní Sábẹ̀ẹ́ yóò ṣáájú omi dé Sô-Ava àti Aguégués, ìyá ọlọ́mọ á sì ráyè gbé ẹrù rẹ̀ sókè. Àǹfààní tí àwọn ará òkè lè ṣe fún àwọn ará ìsàlẹ̀ nìyẹn, kò sì gba owó púpọ̀.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni àwọn tí ó ń ṣàkóso lórí ilẹ̀ ti yí ìtumọ̀ òpin ìkún omi padà fún àwọn ará ọ̀sà: Àgbómẹ̀ sọ ọ́ di ìgbà ogun, Faransé sọ ọ́ di ìgbà iyọ̀, ilé-ìwé àti ọ́fíìsì sì fi kàlẹ́ńdà tí a mú ti òkè òkun wá lé e lórí. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta náà ni wọ́n ti fi ọgbọ́n tún ayé wọn tò. Ó tó àkókò kí àwọn tí ó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ náà wá kọ́ díẹ̀ lára omi.

Ní oṣù tí à ń ṣe ọdún yìí, tí ìlù ń dún ní Àjàṣẹ́ tí aṣọ tuntun sì ń jáde, ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ àlejò kò jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnìkan dúró de omi kó tó rí i pa. Kí omi òkè wá ní ìwọ̀n, kí ó fà ní àsìkò rẹ̀, kí ọkọ̀ gbogbo gúnlẹ̀ láyọ̀. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.